Bí Géèmù Orin Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ọwọ́ Bọ́ Sórí Ìlù

Nínú dánfó tó ń ti Òṣòdì lọ sí Yábàá, kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́ tó dorí kodò, tí àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ń sáré lójú fóònù. Bó bá jẹ́ géèmù bọ́ọ̀lù ni, ojú ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Bó bá jẹ́ géèmù orin, etí ló ń ṣáájú, ojú kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Fóònù náà sì ń ṣe ohun tí onílù máa ń ṣe fún oníjó lóde àríyá: ó ń wò ó bóyá ó bọ́ sórí ìlù, bóyá ó yá jù, tàbí ó pẹ́ jù.

Ohun méjì ló wà nínú géèmù bẹ́ẹ̀. Èkíní ni orin fúnra rẹ̀. Èkejì ni fáìlì kékeré kan tó ń sọ ìgbà tí ọfà kọ̀ọ̀kan tó ń rìn lójú fóònù gbọ́dọ̀ kan ìlà tí wọ́n fà síbẹ̀. Ká ní orin kan ń lu bíìtì 120 ní ìṣẹ́jú kan: bíìtì kan á gba ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn mílísẹ́kọ́ńdì 500. Bí ìka bá ti tẹ ojú fóònù, géèmù á wo ibi tí orin dé, á fi wé ibi tó yẹ kí ọfà kan ìlà, á sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Èyí tó ṣẹ́kù ló ń sọ irú máàkì tí èèyàn gbà. Nínú StepMania, géèmù ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà, bí wọn kò bá tíì yí ètò rẹ̀ padà, ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju mílísẹ́kọ́ńdì 22.5 lọ ló ń gba máàkì tó ga jù. Títí dé 45, ipò kejì ni. Bó bá kọjá 180, wọ́n á kà á sí pé ọwọ́ kò kan nǹkan kan.

Orin ni aago géèmù tí wọ́n ṣe dáadáa, kì í ṣe àwòrán. Fóònù tó ti gbóná lè máa fa àwòrán lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n orin kì í dúró dè é. Bí géèmù bá ń fi àwòrán ka àkókò, yóò máa fìyà jẹ aláìṣẹ̀.

Ilẹ̀ Japan ni irú géèmù yìí ti gbilẹ̀. PaRappa the Rapper jáde lórí PlayStation ní 1996: ajá kékeré kan ń kọ ráàpù, ẹni tó ń ta á á sì máa tẹ bọ́tìnì tẹ̀ lé ohùn olùkọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1997 Konami gbé beatmania jáde, pẹ̀lú bọ́tìnì márùn-ún àti àwo tí wọ́n ń fọwọ́ yí bíi ti díjéè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Dance Dance Revolution dé, tí ẹsẹ̀ gba iṣẹ́ ọwọ́ lórí pẹpẹ ọlọ́fà mẹ́rin. Namco mú ẹ̀rọ tó rí bí ìlù, tí wọ́n ń fi igi lù, wọlé ní 2001, Taiko no Tatsujin ni wọ́n pè é. Ní Amẹ́ríkà, Guitar Hero bẹ̀rẹ̀ ní 2005, Rock Band tẹ̀ lé e ní 2007, ilé wá kún fún gìtá oníke àti ìlù oníke. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde látẹ̀jù títí ó fi sú àwọn oníbàárà; ní 2011 ilé iṣẹ́ tó ni Guitar Hero pa ẹ̀ka rẹ̀ tì. Fóònù ló gba ipò wọn, nítorí kò sí ẹni tó tún ní láti ra gìtá. Ní 2018, Beat Saber fi idà ìmọ́lẹ̀ lé àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ lójú lọ́wọ́, gbogbo ara sì padà sẹ́nu ijó.

Nínú gbogbo ìyípadà yìí, ohun kan ṣoṣo tí kò yí padà ni ìyọkúrò kékeré yẹn, ti ibi tí orin dé àti ibi tó yẹ kí ọfà kan ìlà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń wọlé. Wọ́n máa ń sọ fún ọmọ tó ń kùnà pé kò ní etí orin, nígbà tó jẹ́ pé earpiece Bluetooth tó rà ní Computer Village, Ìkẹjà, ló ń pa á láyò. Fóònù gbọ́dọ̀ fún ohùn náà pọ̀, fi ránṣẹ́, kí earpiece tó tú u padà, èyí sì lè gbà ju mílísẹ́kọ́ńdì 150 lọ. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì lórí bíìtì tó gbọ́ yóò pẹ́ ní gbogbo ìgbà, bó ti wù kó mọ ìlù tó.

Géèmù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń tún ìpẹ́ yìí ṣe: ohùn kan á máa dún léraléra, olùtayò á máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e, géèmù á sì ṣírò iye tó ń pẹ́, kó lè yọ ọ́ kúrò fún gbogbo orin. Ẹ má fo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Nínú irú beatmania, bọ́tìnì tí èèyàn tẹ̀ ló ń mú ohùn jáde. Ohùn tí kò tíì sí kò ṣeé fi ránṣẹ́ ṣáájú, nítorí náà earpiece oníwáyà ló dára jù. Ohun kan náà ló ń ṣe tẹlifíṣọ̀n fẹrẹgẹdẹ tó wà ní àwọn ibi ìtageèmù Mùṣín àti Súrùlérè: àwọn míì máa ń dá àwòrán dúró díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e síta. Bọ́ọ̀lù lè fara dà á, orin kò lè fara dà á.

Ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ilé wa jù ni ti ìlù tiwa. Ọ̀pọ̀ fáìlì ọfà ni wọ́n ń pín bíìtì kan sí mẹ́rin. Kónkóló tí agogo ń lù kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìdá méjìlá nínú ìyípo kan, mẹ́ta mẹ́ta lábẹ́ bíìtì mẹ́rin, agogo sì ń dún lórí ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹjọ àti ìkẹwàá. Ìkíní àti ìkẹwàá nìkan ló bọ́ sórí bíìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá fipá ti mẹ́ta tó kù sínú ìpín mẹ́rin, lórí bíìtì 120, ìkọ̀ọ̀kan á ṣìnà tó nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 42. Ẹni tó lu agogo gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń lù ú kò ní gba máàkì tó ga jù lórí mẹ́ta yẹn láéláé, láìṣẹ̀ láìrò.

A dúpẹ́ pé ó ní àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ lásán ni fáìlì ọfà StepMania, ó ṣeé ṣí bí ìwé. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́rin fún ọfà mẹ́rin. 1 túmọ̀ sí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, 0 túmọ̀ sí kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó sì gba ìlà 12 nínú ìyípo kan. Ẹni tó bá kọ 1000 sí ìlà 1, 3, 5, 8 àti 10, tó fi 0000 sí ìyókù, ti kọ kónkóló síbẹ̀ pátápátá. Ọfà mẹ́ta ló ṣẹ́kù fún omele, gúdúgúdú àti ìyáàlù.