Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ti rẹ́kọ́dù tó ti parí mọ́lé

Kí ẹnikẹ́ni tó lè ti odidi àwo orin mọ́lé, ìyẹn kó ti parí kí wọ́n má sì gbé e jáde, àwo orin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọrin ẹ̀mí lédè Yorùbá fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, orí ìda ni wọ́n ń gba ohùn sí tààrà, ojú kan rẹ́kọ́dù kì í sì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Bí ohùn bá ṣì, wọn á da ìda yẹn nù, wọn á tún un kọ. Bó bá dára, ó di títẹ̀, ó di inú ọkọ̀ ojú omi, ó di Èkó. Wọ́n lè ní àwọn ò gba orin kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ orin náà nìkan ni wọ́n kọ̀. Olórin á gbé òmíràn kalẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Téèpù dé, èyí tí àwọn ará Jámánì ti ń lò nílé-iṣẹ́ rédíò wọn kí ogun tó parí, tí àwọn ará Amẹ́ríkà wá gbé lọ sí sítúdíò tiwọn. Elépèé (LP), rẹ́kọ́dù ńlá, náà dé, ilé-iṣẹ́ Columbia ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, ojú kan rẹ̀ sì lè gba orin tó lé ní ìṣẹ́jú 20. Báyìí ni orin mẹ́jọ, mẹ́wàá ṣe di ẹrù kan ṣoṣo: ẹni tó bá dá ọ̀kan dúró, gbogbo rẹ̀ ló dá dúró. Téèpù ò dà bí ìda, ó ṣeé gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ogún ọdún. Kọ́bọ́ọ̀dù ta ni? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́dù ló sanwó sítúdíò, òun ló sì ni téèpù. Bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé àdéhùn nílùú òyìnbó nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wọ Nàìjíríà. Ẹ fara balẹ̀ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀: ìlérí pé wọ́n á gba orin sílẹ̀ wà níbẹ̀, ìlérí pé wọ́n á gbé e jáde ṣọ̀wọ́n. Owó àsansílẹ̀ tí wọ́n fún olórin, gbèsè ni, lára ohun tí wọ́n bá tà ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Bí wọn ò bá tà á, gbèsè wà níbẹ̀ gbọin, olórin ò sì gbọdọ̀ gbé orin kan náà lọ kọ fún ẹlòmíràn títí iye ọdún inú ìwé á fi pé.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé orin náà ni kò dùn. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìṣirò ló sábà máa ń jẹ́. Owó sítúdíò kì í ṣe bàbàrà. Títẹ rẹ́kọ́dù, páálí tí wọ́n ń kì í sí, rédíò, pósítà, owó ọkọ̀ dé Kano àti Jos, ìwọ̀nyẹn ló ń jẹ owó. Akáwó á ní èyí tó lọ ti lọ, kí wọ́n má fi òmíràn tẹ̀lé e.

Yàtọ̀ sí owó, ìbẹ̀rù pẹ̀lú máa ń mú kí wọ́n ti orin mọ́lé. Ní 1971, Fẹlá parí Why Black Man Dey Suffer fún ilé-iṣẹ́ EMI, àwọn yẹn ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti le jù, wọn ò gbé e jáde. African Songs ló gbà á. (Ilé-iṣẹ́ tó gba Fẹlá sílẹ̀ yìí kan náà ni Sunny Adé bá fa wàhálà àdéhùn, tó fi kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 1974, tó lọ dá Sunny Alade Records sílẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni mímọ́ nínú òwò yìí.)

Olórin fúnra rẹ̀ náà máa ń dá a dúró. Ní oṣù Kejìlá 1987, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí The Black Album bọ́ sí ọjà, Prince, olórin Amẹ́ríkà tó ni ín, ní òun ò ṣe mọ́. Warner, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́dù rẹ̀, ti tẹ̀ ẹ́ jọ, wọ́n ní láti ba ẹrù náà jẹ́. Ọdún 1994 ló tó jáde. Ṣùgbọ́n ti Wilco, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní 2001, Reprise, ilé-iṣẹ́ wọn, ní àwọn ò fẹ́ àwo orin wọn, wọ́n gbé téèpù fún wọn. Ilé-iṣẹ́ Nonesuch rà á, ó sì gbé e jáde ní 2002. Abẹ́ Warner kan náà ni Reprise àti Nonesuch wà, ẹ ò rí i pé àpò kan náà ló sanwó orin kan lẹ́ẹ̀mejì! Nígbà mìíràn, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó yí padà ló ń fa irú èyí: ọ̀gá tuntun kì í fẹ́ jogún iṣẹ́ ọ̀gá àná. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀.

Ní Àbújá níbí, ọdún 2005 ni ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́dù Chocolate City bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé òkìkí rẹ̀ kàn dé Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn olórin Yorùbá tó ń lù lóde àríyá ní Kubwa àti Nyanya kò bá ilé-iṣẹ́ kankan tọwọ́ bọ̀wé rí. Alágbàsanwó ni tiwọn: alhájì kan, tàbí olóṣèlú. Ní sítúdíò kan tí mo mọ̀ ní Kubwa, dúróà kan kún fún háàdì dírááfù, a lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi báírò kọ orúkọ olórin àti owó tó kù sí i. Onísítúdíò yọ ọ̀kan, ó tan fújì kan fún mi. Ìlù rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ yọ kedere, ó ti parí pátápátá. Nínú orin kejì, olórin ń ki ẹni tó gbówó sílẹ̀ ní sẹ́nétọ̀. Ọkùnrin náà fìdí rẹmi nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ń yan olùdíje, kò sì gbé fóònù mọ́.

Mo ní ṣé kò ṣeé yọ oríkì yẹn kúrò? Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, bí a bá yọ ọ́, ta ló máa san èyí tó kù?”

Òfin ò gbàgbé olórin o. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 1988, kí ti 2022 tó rọ́pò rẹ̀, sọ pé bí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ bá jẹ́ orin, olórin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gbà á ni òun ni ín, àyàfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Àdéhùn sì máa ń sọ nǹkan mìíràn.

Lóde òní tí gbígbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò náni ní nǹkan púpọ̀, wọ́n ṣì ń tì í mọ́lé. Nígbà mìíràn, olórin tí wọ́n jọ kọ ọ́ ni ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ò fún láyè. Nígbà mìíràn, ohùn tí wọ́n gé nínú rẹ́kọ́dù àtijọ́ ni ẹni tó ni ín ń béèrè owó gọbọi lé lórí. Èyí tó burú jù ni àdéhùn tó ń ka iye àwo tó bá jáde. Bí kò bá jáde, kíkà ò kúrò lójú kan, olórin ò sì bọ́ nínú ìdè. Ìdí nìyẹn tí àwọn agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ fi ń fi gbólóhùn kan kún un báyìí: bí iye oṣù kan bá kọjá tí orin ò jáde, kí téèpù padà sọ́wọ́ olórin. Ilé-iṣẹ́ máa ń gbà, wọ́n á kàn ní kí olórin kọ́kọ́ dá owó sítúdíò padà.