Bí ẹ̀rọ inú àyà ṣe ń bá ọkàn tó ti rẹ̀ ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ti rí ìyá tó ń fún ògì l'Ógbómọ̀ṣọ́ ti rí bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ méjèèjì á jọ di àpò mú, wọ́n á jọ fún un, omi á dà wàà. Ṣùgbọ́n bí ti ọ̀tún bá ti dẹ̀ kí ti òsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún, ńṣe ni omi á kàn sún láti ìhà kan sí ìkejì, inú àpò náà ló máa wà.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí fún àwọn kan lẹ́yìn ìkọlù ọkàn. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn á dí, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé á kú, á di àpá. Àpá kì í fún. Iná mànàmáná inú ara tó ń pàṣẹ fún ọkàn lè pẹ́ kó tó dé apá òsì, ọkàn á sì máa fẹ̀ sí i. Ọkàn tó dá ṣáṣá ń tú tó ìdá 55 sí 70 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti já sí 35, tí oògùn ò sì gbé e sókè, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ á yọjú.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń jí ibi tó ti kú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí àyà rẹ̀ ṣàdédé wúwo bí ẹni gbé ọlọ lé e kò fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà sí kẹ́míìsì lọ ra oògùn ọgbẹ́ inú, nígbà tí ilé ìwòsàn LAUTECH àti ti Bowen wà nílùú.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ sí èèyàn láyà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń pa ibi tí wọ́n máa là kú, kó má baà dùn ún. Dókítà á la awọ díẹ̀ lábẹ́ èjìká òsì, á ti wáyà mẹ́ta gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ, á máa wo ipa ọ̀nà wọn lójú X-ray. Méjì wọ apá ọ̀tún ọkàn. Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù: iṣan tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn ọkàn ló ń gbà dé apá òsì. Wọ́n á so wáyà mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ awọ níbi tí wọ́n là. Ẹ̀rọ á wá máa fi iná ránṣẹ́ sí ọ̀tún àti òsì pọ̀, ọwọ́ méjèèjì á tún jọ máa fún àpò.

Irú ẹ̀rọ mìíràn, tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí èèyàn lára ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1980, ọlọ́dẹ ni: bí ọkàn bá ń gbọ̀n gìrìgìrì láìtú ẹ̀jẹ̀, á fi iná gbá a padà sípò.

Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọwọ́ òsì ò gbọdọ̀ gúnyán tàbí gbé garawa karí, kí wáyà má baà yẹ̀. Fóònù ò gbọdọ̀ wọ àpò àyà. Oògùn ń bá a lọ. Bí bátìrì bá ń tán lọ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọ́n á la ojú ibẹ̀ kan náà, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀rọ, wáyà á sì wà níbi tó wà.