Ṣé èèyàn lè fi Òkè-Ògùn ṣe ilé pẹ̀lú ìjì ọdọọdún?

Ìbéèrè: Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì fẹ́ kúrò n'Íbàdàn lọ sí Òkè-Ògùn, ká máa jẹ ohun tí a bá gbìn, ká má gbójú lé iná tàbí omi ìjọba. Àmọ́ ọdọọdún là ń gbọ́ pé ìjì ká òrùlé níbẹ̀. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu?

Ìdáhùn: Ó bọ́gbọ́n mu, bí ẹ bá rí omi. Ìjì ń dẹ́rù bani lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó kọjá, ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa á sì dúró dè é. Ọ̀dá omi lè gbà tó oṣù márùn-ún, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ṣakí, Ìgbòho àti agbègbè wọn. Inú iyẹ̀pẹ̀ tó bo àpáta yẹn ni omi kànga ń gbé, ìdí nìyẹn tí kànga púpọ̀ fi ń gbẹ kí òjò tó dé.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni ká lọ wo ilẹ̀ náà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ inú oṣù kẹjọ tí gbogbo nǹkan tutù yọ̀yọ̀. Ìparí oṣù kẹta ni kí ẹ lọ. Ìgbà yẹn ni omi kànga lọ sílẹ̀ jù, ìgbà yẹn náà sì ni ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi ẹni tó ń ta ilẹ̀ léèrè omi. Àwọn obìnrin tó ń pọn ọ́n ni kí ẹ bi pé ibo ni wọ́n ń lọ tí odò bá gbẹ. Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ náà nípa ààbò. Bí ẹ̀rù oko bá ń lé wọn wọ ìlú lálẹ́, ẹ má ra ilẹ̀ yẹn.

Ìbéèrè: Kí ló ń mú kí ìjì ṣí òrùlé kan, kó fi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣe ni afẹ́fẹ́ ń ti òrùlé ṣubú. Bó ṣe ń sáré kọjá lórí páànù, ṣe ló ń fà á sókè. Bí fèrèsé bá wá ṣí, afẹ́fẹ́ á wọlé, á máa tì í láti abẹ́. Páànù tó nípọn nìkan kò lè gbà yín. Ẹ wo ohun tó di igi òrùlé mọ́ ògiri. Ní ilé púpọ̀, igi yẹn kàn jókòó lórí búlọ́ọ̀kù ni. Kí káfíńtà àti bíríkìlà jọ ṣe é, kí irin tó ti inú kọnkéré orí ògiri jáde di igi náà mú ṣinṣin. Etí òrùlé kò sì gbọ́dọ̀ yọ síta jù.

Ìbéèrè: Oúnjẹ ńkọ́?

Ìdáhùn: Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ gbójú lé, abẹ́ ilẹ̀ ni tiwọn wà. Ìjì máa ń tẹ́ àgbàdo, ó sì máa ń wó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé omi òjò lè gbé wa la ẹ̀ẹ̀rùn já?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, omi lítà kan nìyẹn. Òjò ibẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 1,000 mìlímítà lọ́dún, nítorí náà òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 6, lè gba nǹkan bí 60,000 lítà, bí kò bá sí èyí tó ṣòfò. Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá ń lo 20 lítà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, 12,000 lítà lẹ máa lò fún oṣù márùn-ún. Omi wà; ibi tí ẹ máa kó o sí ló kù. Ẹ jẹ́ kí táńkì kún kí òjò oṣù kẹwàá tó dá, ẹ má sì fi bomi rin oko. Bí owó kò bá ká ilẹ̀ ńlá àti táńkì, ẹ dín ilẹ̀ kù.