Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì máṣíìnì nílé, àti ìdí tó fi máa ń tètè dúdú

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ẹ́ńjìnnì nìkan ló sábà máa ń bá ṣiṣẹ́, gíà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ti máṣíìnì, ìyẹn ọ̀kadà, ò rí bẹ́ẹ̀ o. Nínú Bajaj Boxer, TVS, àtàwọn tó fara jọ Honda CG125 tó kún ìgboro wa yìí, ọ́ìlì kan ṣoṣo, tó sábà máa ń tó bíi lítà kan péré, òun ló ń jẹ́ kí písítìnì máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, òun náà ni eyín gíà ń lọ̀, inú ẹ̀ náà sì ni kílọ́ọ̀ṣì ń gbé. Kò wá sí omi kankan tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i àti ọ́ìlì yẹn náà ni. Tí máṣíìnì bá gbé èrò àti ẹrù, tó há sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ìwó Road n'Íbàdàn lọ́sàn-án gangan, atẹ́gùn ò fẹ́ mọ́ nìyẹn, ọ́ìlì nìkan ló kù tó ń jìyà. Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè dúdú, tó ń ṣàn bí omi.

Máṣíìnì tuntun, ọ́ìlì àkọ́kọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀ rárá, bíi 500 kìlómítà ni wọ́n ti máa ń dà á nù torí àwọn irin inú ẹ̀ ṣì ń ha ara wọn, irin wẹ́wẹ́ á ti wà nínú ọ́ìlì náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé tó bá máṣíìnì wá lè ní kó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú oòrùn, eruku àti ẹrù wa, 1,500 sí 2,000 dáa jù. Ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́, tó ń sá tó 100 kìlómítà lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nìyẹn. Aago tó ń ka kìlómítà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ti kú tipẹ́, ọjọ́ ni wọ́n fi ń kà á.

Irú ọ́ìlì wo? Nọ́ńbà tí wọ́n sábà máa ń kọ fún àwọn máṣíìnì yìí ni 20W-50. 20W yẹn ń sọ bó ṣe máa ṣe nígbà òtútù, 50 ń sọ bó ṣe máa ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni àmì JASO MA tàbí MA2 tó máa ń wà lẹ́yìn ike. Ìyẹn ló ń sọ pé ọ́ìlì náà bá kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbé inú ọ́ìlì mu. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n ṣe kó máa yọ̀ gan-an kí mọ́tò má baà jẹ bẹntiróòlù púpọ̀, ó dáa fún mọ́tò, ṣùgbọ́n ìdì tí àwọn páálí kílọ́ọ̀ṣì dì mọ́ra ló ń gbé máṣíìnì lọ, tí wọ́n bá ń yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, máṣíìnì ò ní lọ. MB ní tiẹ̀ wà fún sìkútà tí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ò sí nínú ọ́ìlì.

Iṣẹ́ gan-an ò le. Èèyàn á tan máṣíìnì fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí ọ́ìlì tútù ki, ìdọ̀tí á kàn jókòó sísàlẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé o, ọ́ìlì yẹn á bó èèyàn lọ́wọ́, sàlẹ́ńsà náà ń jóni. Kó pa á, kó gbé e sórí sìtáńdì àárín níbi tó tẹ́jú, kó nu eruku ìdérí òkè kó tó ṣí i, torí iyanrìn tó bá já síbẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì ló lọ. Ṣíṣí ìdérí yẹn ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé kí ọ́ìlì lè ṣàn dáadáa.

Bọ́ńtì ìsàlẹ̀, tí ọ́ìlì ń gbà jáde sínú bàsíà, ni kí èèyàn ṣe sùúrù fún jù. Sípánà 17 ló máa ń wọ ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀, ọwọ́ òsì ló ń tú sí, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lókè tó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ojú ẹ̀ lè dà rú, kó rò pé òun ń tú u kó jẹ́ pé ṣe ló ń fún un pọ̀. Irin fúyẹ́ bíi ti ìkòkò àlùmíníọ̀mù sì ni ara ẹ́ńjìnnì, bọ́ńtì le jù ú lọ, tí eyín inú ẹ̀ bá ti jẹ, ó di ọ̀dọ̀ awẹ́dà tàbí ẹni tó máa gbẹ́ eyín tuntun sí i, owó tó tó ra ọ̀pọ̀ lítà ọ́ìlì. Ní àwọn máṣíìnì kan, bọ́ńtì ńlá kan wà tí sípíríǹgì àti asẹ́ wáyà wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á já sínú bàsíà, kí wọ́n fi bẹntiróòlù fọ asẹ́ yẹn kó sì gbẹ kí wọ́n tó dá a padà. Kí ọ́ìlì máa ro fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn kan máa ń da bẹntiróòlù sínú ẹ́ńjìnnì láti fi ṣan án, kò dáa rárá, torí èyí tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ á sọ ọ́ìlì tuntun di olómi.

Ọ́ìlì tó wà nínú bàsíà yẹn, kí wọ́n wò ó dáadáa kí wọ́n tó gbé e kúrò. Dúdú nìkan ò burú, iṣẹ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọlé nìyẹn, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gba inú àgbàrá kọjá, wọn ò gbọdọ̀ fi gun ọ̀nà mọ́. Tó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, tó sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n dà sí i lọ, kábúrétọ̀ ló ń jò wọlé. Tí irin tó ṣeé fọwọ́ mú bá wà níbẹ̀, gíà tàbí bíárìn ti ń lọ, kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó nọ́ọ̀kì.

Wáṣà tuntun ló dáa, ọwọ́ lásán ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dá bọ́ńtì padà títí kó fi dúró, sípánà á wá fún un díẹ̀ sí i, ó tó. Kí wọ́n fi àrọ da ọ́ìlì sí i, kó má tíì tán nínú ike, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì bíi ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n pa á, kí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó wo géèjì, ìyẹn ọ̀pá tó ń fi bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó hàn, lórí sìtáńdì àárín ni o, torí tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, irọ́ ni géèjì máa pa. Nínú irú ti CG125, wọn kì í yí géèjì wọlé tí wọ́n bá fẹ́ wò ó, ṣe ni wọ́n kàn ń fi sórí ihò, àwọn míì sì ní gíláàsì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àárín ìlà méjèèjì ni kó wà. Tó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á wúwo, ọ́ìlì á máa wá ibi tó máa gbà jáde.

Ọ́ìlì kọ̀ndẹ́m, kí wọ́n má dà á sí gọ́tà tàbí ìdí kànga, torí omi táa ń mu ló ń lọ bá. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kó wà, àwọn káfíńtà ń fi í pa pákó nítorí ikán, àwọn tó ń da kọnkéré ń fi í pa pákó wọn kó má lẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fọ̀ ọ́ tọṣẹtọṣẹ, kò dáa lára. Ike tó ṣófo náà, kí wọ́n fi ọ̀bẹ dá a lu, torí àwọn kan ń ṣà á láti rọ ayédèrú sínú ẹ̀ tà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó tan máṣíìnì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀, tó bá gbẹ, bọ́ńtì ti jókòó dáadáa.