Kí ni delayed allocation? Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pín àyè orí hard disk

Àwọn ọmọ wa tó ń ya fídíò òde ní Kubwa àti Nyanya máa ń béèrè pé kí ló dé tí hard disk tí àyè ṣì wà lórí rẹ̀ fi ń wọ́ tuurutu. Kíá ni wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́. Bóyá ni. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo bí fáìlì wọn ṣe jókòó sórí dísìkì náà.

File system ló ń pín àyè orí dísìkì fún fáìlì. Ó gé dísìkì sí búlọ́ọ̀kì kéékèèké, tó sábà máa ń jẹ́ 4 KB. Fáìlì 100 MB á gba búlọ́ọ̀kì 25,600. Bí gbogbo wọn bá tò tẹ̀ léra, apá tó ń ka dísìkì á kà wọ́n lọ geerege. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, apá náà á máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, fífò kọ̀ọ̀kan sì lè gba nǹkan bíi millisecond 10. Fáìlì tó bá fọ́ sí ọ̀nà 1,000 á jẹ́ kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ sórí fífò nìkan.

Kí ló ń fọ́ ọ? Ìkánjú ni. File system àtijọ́ máa ń yan búlọ́ọ̀kì ní kété tí ètò (program) bá ti gbé nǹkan wá, láì mọ bí fáìlì náà ṣe máa tóbi tó. Ẹ wo gbọ̀ngán àpèjẹ kan ní Gwarinpa lọ́jọ́ Sátidé. Ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́jọ ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹbí mìíràn náà ń wọlé. Bí ẹni tó ń fi àlejò jókòó bá ń fi ẹni tó bá ti dé sórí àga tó bá rí, ìyá á bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onílù. Bó bá ní kí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n pé, tábìlì kan ló máa fún gbogbo wọn.

Delayed allocation nìyẹn. Ohun tí ẹ kọ á kọ́kọ́ dúró nínú RAM, ìrántí kọ̀ǹpútà tí ohun inú rẹ̀ máa ń parẹ́ bí iná bá lọ. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó lọ sórí dísìkì ni file system á tó wo iye tó jẹ́ lápapọ̀, tí á sì wá àyè kan tó gbà á. XFS, ọ̀kan lára àwọn file system, ti ń ṣe é láti àwọn ọdún 1990. Ext4, file system mìíràn tó wọ Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ní ẹ̀yà 2.6.28 ní December 2008, náà ń ṣe é. Ext4 tún ń lo extent: dípò kó kọ àdírẹ́sì búlọ́ọ̀kì 25,600 sílẹ̀ bíi ti ext3 tó ṣáájú rẹ̀, ó kọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti iye wọn, ó parí. Extent kan lè gbé tó 128 MB.

Lórí Linux, ẹ tẹ àṣẹ filefrag sínú terminal, kí ẹ fi orúkọ fáìlì tẹ̀ lé e. Bó bá ní "1 extent found", odindi ni fáìlì yín. Bó bá ní 2400, ẹ ti rí ohun tó ń dá a dúró.

Gbogbo ọgbọ́n yìí ò lè ṣiṣẹ́ bí dísìkì bá kún dẹ́nu, torí kò sí àyè gbọọrọ tó máa rí yàn. Ìdí kan nìyẹn tí ext4 fi ń ya 5% sọ́tọ̀. Ti SSD yàtọ̀: kò sí apá tó ń fò nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ máa ṣe defrag (títo fáìlì tó fọ́ pa pọ̀) fún un.

Ṣùgbọ́n ìdúró yìí léwu níbi tí iná ti ń lọ láìkìlọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fi desktop ṣiṣẹ́ láìsí UPS ló sì kàn jù. Nǹkan lè wà nínú RAM fún ìṣẹ́jú àáyá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó dé orí dísìkì. Ní 2009, àwọn tó ń lo ext4 pariwo pé kọ̀ǹpútà kú lójijì, fáìlì wọn sì di òfìfo; wọ́n tún un ṣe nínú Linux 2.6.30, àmọ́ ewu náà ò tán pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò, bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ owó, ẹ pe fsync, àṣẹ tó ń mú kí ohun tí ẹ kọ dé orí dísìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ètò yín tó sọ fún oníbàárà pé ó ti wọlé. Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ tẹ eject kí ẹ tó fa external hard disk yọ, kí ẹ sì dúró títí kọ̀ǹpútà á fi ní ó yá: àsìkò yẹn ló ń kó èyí tó kù nínú RAM sórí dísìkì.