Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Tó Mọ̀ Ọ́n Ṣe É

Ẹ̀rù kọ́ ló máa ń dá àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní first aid dúró, àwa àgbà ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì láti Kàbà títí dé apá Yàgbà, ohun tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu wọn ṣáá ni pé, "Àǹtí, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, àwọn ni wọ́n lé mi kúrò níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ SS2 kan wà, obìnrin, pọ̀nmọ́ há bàbá rẹ̀ àgbà lọ́fun nídìí iyán, bàbá ò lè sọ̀rọ̀, kò lè wúkọ́, ó kàn ń na ọwọ́ sókè. Ẹnì kan ń gbé omi wá, ẹnì kan ń gbá a látàrí, àwọn kan ti ń pe Jésù. Ọmọ yìí bọ́ sẹ́yìn bàbá, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a gidi láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò jáde. Ó wá gbá a mú látẹ̀yìn, ó di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo díẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì bò ó, ó fà á wọnú lọ sókè lójijì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni pọ̀nmọ́ fò jáde. Ẹ̀gbọ́n màmá ẹ̀ ṣì ń bínú pé kí ló dé tó ń lu bàbá o!

Bó ṣe rí nìyẹn: ẹ̀yìn márùn-ún, ikùn márùn-ún, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ títí á fi jáde. Ẹ má fún un lómi, ọ̀nà èémí ló dí. Ẹni tó bá ṣì ń wúkọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́ ẹ̀ lọ. Aboyún, àyà lẹ máa fà, ikùn kọ́. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan náà, ẹ má tẹ ikùn ẹ̀ rárá, ẹ dojú ẹ̀ dé sórí apá yín kí orí wà nísàlẹ̀, ẹ gbá ẹ̀yìn ẹ̀, kí ẹ wá yí i padà kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà. Ẹni tí wọ́n bá sì ti tẹ ikùn ẹ̀, kó dé ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bára ẹ̀ tiẹ̀ yá.

Gìrì la máa ń jà lé lórí jù. Ọmọdé á ní kí wọ́n má ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu, ìyá àgbà á ní ta ló bí ẹ, wọ́n á ti gbé àgbo ìtọ̀ màlúù dé, àwọn mìíràn á tiẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọmọ sínú iná. Mo ti tọ́jú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, gìrì ti lọ tipẹ́, egbò iná ò lọ. Ẹ kó nǹkan líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má dì í mú, ẹ wo aago, tó bá ti ń rọlẹ̀ kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọsibítù kíá. Tó bá dáwọ́ dúró náà, ẹ ṣì gbé e lọ, torí ibà lè wà nídìí ẹ̀.

Àwọn kan máa ń ní ọmọdé ò lágbára tó fi lè tẹ àyà ẹni tí ò mí mọ́. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fọwọ́ sí i ní 2015 pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ilé ìwé ní èyí, wákàtí méjì lọ́dún, láti ọmọ ọdún 12. Kó kúnlẹ̀, kó na apá gbọọrọ, kó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ wọlé bíi sẹ̀ńtímítà márùn-ún sí mẹ́fà, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹlòmíì á gbà á tó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Ti ojú títì, láti Lọ́kọ́jà gba Ọbájánà wá sí Kàbà tí tírélà pọ̀ sí: 122 ni nọ́ńbà FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ má fa ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀kadà dìde àfi tí iná tàbí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wá bá a, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú ni kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má ṣí i wò.

Tí ọmọ tó ti kọ́ ọ bá wà níbẹ̀, tó ní kí ẹ sún sẹ́yìn, ẹ sún, kí ẹnì kan nínú yín sáré lọ wá mọ́tò.