Roquefort-sur-Soulzon

Roquefort-sur-Soulzon jẹ́ abúlé kan ní ẹkùn Aveyron, lágbègbè Occitanie, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Àárín ìlú Millau àti Saint-Affrique ló wà, lẹ́bàá òkè pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní Larzac. Àwọn olùgbé ibẹ̀ kò tó 1,000. Soulzon ni orúkọ odò kékeré tó ń ṣàn ní àdúgbò náà. Wàràkàṣì tí wọ́n ń fi wàrà àgùtàn ṣe ló gbé orúkọ abúlé yìí káàkiri ayé, ṣùgbọ́n òkè tí abúlé náà fẹ̀yìn tì ló bí wàràkàṣì ọ̀hún.

Òkè Combalou

Òkúta ẹfun ni òkè yìí, orí amọ̀ ló sì jókòó lé. Láyé ọjọ́un, amọ̀ náà yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, etí òkè ya, àwọn àpáta ńláńlá sì wó lé ara wọn. Àwókù náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 2, ìbú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 300. Afẹ́fẹ́ ń gba pàlàpálá àpáta wọ̀nyí wọlé, ó sì ń gba ibẹ̀ jáde. Fleurine ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ojú ihò bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń tibẹ̀ wá tutù, ó sì kún fún ọ̀rinrin. Yálà ooru mú níta tàbí òtútù, inú ihò máa ń wà láàárín ìwọ̀n 8 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Àwọn ilé kan ní abúlé náà wà lórí ihò gan-an: èèyàn ń gbé lókè, wàràkàṣì ń gbó nísàlẹ̀.

Ìtàn

Ní 1411, Ọba Charles Kẹfà fún àwọn ará Roquefort nìkan láṣẹ láti máa mú wàràkàṣì náà gbó nínú ihò wọn. Ní 1666, ilé ẹjọ́ gíga Toulouse tún dáàbò bo orúkọ náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ayédèrú. Òfin ọjọ́ 26 oṣù Keje 1925 ló sọ ọ́ di wàràkàṣì àkọ́kọ́ tí ìjọba Faransé fi òfin so orúkọ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tó ti wá.

Ọwọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní cabanières ni iṣẹ́ inú ihò wà fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ló ń ha ara wàràkàṣì, tí wọ́n ń yí i padà, nínú òtútù àti ọ̀rinrin láti àárọ̀ dalẹ́. Ó yẹ kí orúkọ wọn máa bá orúkọ ọba rìn nínú ìtàn abúlé yìí.

Ní 1999, Amẹ́ríkà bu owó ibodè 100 nínú ọgọ́rùn-ún lé wàràkàṣì Roquefort, nítorí pé ilẹ̀ Yúróòpù kọ ẹran màlúù Amẹ́ríkà tí wọ́n fún ní họ́mónù kó lè tètè dàgbà. Inú bí àwọn àgbẹ̀ àgbègbè náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n tú ilé oúnjẹ McDonald's, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Millau palẹ̀. José Bové, àgbẹ̀ kan tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, ló ṣíwájú wọn.

Iṣẹ́ wàràkàṣì

Wàrà irú àgùtàn tí wọ́n ń pè ní Lacaune nìkan ni òfin gbà, tútù rẹ̀ ni, wọn kì í sè é. Nǹkan bíi lítà 12 ló ń di wàràkàṣì kan, tó ń wọn kílò 2.5 sí 3. Wọ́n ń fi olú tíntìnnín aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní Penicillium roqueforti sí i; láyé àtijọ́, inú búrẹ́dì ọkà ráì tí wọ́n jẹ́ kó bu nínú ihò ni wọ́n ti ń rí i. Bí wàrà bá dì, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú àwo oníhò kí omi rẹ̀ lè ro. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́, torí tó bá ki jù, olú kò ní ráàyè tàn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi iyọ̀ gbígbẹ pa á lára.

Kó tó wọnú ihò, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri. Láìsí afẹ́fẹ́, olú kì í hù. Èyí tí wọn kò gún dáadáa máa ń funfun láti òkè délẹ̀. Ó kéré tán, á lo ọjọ́ 14 níhòòhò nínú ihò. Ọ̀gá ihò ló ń ṣí ilẹ̀kùn fleurine, òun náà ló ń tì í, bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá gbẹ jù, ara wàràkàṣì á le. Tí olú bá ti tàn tó, wọ́n á fi bébà onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì í kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ̀ ọ́ mọ́, torí bí olú bá ń dàgbà lọ, á kàn jẹ wàràkàṣì náà kọjá bó ṣe yẹ. Á wá máa gbó díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù. Kò gbọ́dọ̀ dé ọjà kó tó pé ọjọ́ 90 tí wọ́n ti ṣe é.

Bí wọ́n bá gé e, ipa abẹ́rẹ́ ṣì máa ń hàn: ìlà tóóró tó lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ sì dúdú ju ti ibòmíràn lọ.